Ẹ̀fọn ní Ìdí Ìkòkò: Ohun Tí Ewé Lè Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Oúnjẹ alẹ́ ni mò ń tà ní Ṣàgámù. Ìkọ́kọrẹ́ ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ mí jù, ṣùgbọ́n ẹ̀bà wà, dòdò wà, ẹja díndín náà wà. Ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ni mo máa ń dáná, ó sì máa ń di bí aago mẹ́wàá alẹ́ kí n tó kó ìkòkò wọlé. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀fọn náà ń wá oúnjẹ tirẹ̀ kiri. Mo ní nẹ́ẹ̀tì nílé, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì ń sùn lálaalẹ́, àmọ́ nẹ́ẹ̀tì kò lè bá ènìyàn dé ìdí ìkòkò. Oníbàárà tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, tó ń fi tòsì gbá ẹsẹ̀, kò lè gbádùn ohun tó ń jẹ. Pé yóò tètè dìde lọ kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ ọlọ́mọ lè ti ìdí oúnjẹ mi gbé ibà lọ sílé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo bá rò pé ó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀: àwọn àgbà, àwọn ìyá alágbo, àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń yà jẹun lọ́dọ̀ mi bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Èyí tí wọ́n bá sọ tí kò léwu, mo máa ń dán an wò fúnra mi. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kò sí ewé kan tó ń lé ẹ̀fọn tán pátápátá. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ní àsìkò tirẹ̀. Ewé àti èéfín wúlò fún wákàtí tí a wà níta, láti ìrọ̀lẹ́ títí a ó fi wọlé. Bí a bá ti sùn, nẹ́ẹ̀tì ló ni ìyẹn. Ojúmọmọ la sì ń bá omi wí. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọ̀kan rán èkejì ni ẹ̀fọn ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń rí wa nínú òkùnkùn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ti jáde. Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló nílò kí ẹyin rẹ̀ tó lè gbó. Akọ kì í jẹ ènìyàn, omi dídùn inú òdòdó ló ń mu. Èémí tí à ń mí síta ni abo náà kọ́kọ́ máa ń gbúròó láti òkèèrè. Bó bá ti wá sún mọ́ wa, ooru ara wa àti òórùn òógùn wa ni yóò máa tọ̀ bọ̀. Ẹ wá wo ẹni tó ń rokà nídìí iná, tó ń làágùn, tó ń mí gúlegúle: kò sí ohun tí ẹ̀fọn ń wá tí kò sí lára rẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri sì fẹ́ràn ẹsẹ̀ púpọ̀, àgàgà ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí tábìlì búkà lálẹ́ rí mọ ohun tí mò ń wí.

Nítorí náà, ohun tó bá máa lé e gbọ́dọ̀ bo òórùn wa mọ́lẹ̀, tàbí kó mú kí ó nira fún un láti fò dé ọ̀dọ̀ wa.

Atẹ́gùn ni mo fi ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ewé. Ìyẹ́ ẹ̀fọn kò lágbára. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ díẹ̀, kò lè fò lọ tààrà mọ́, atẹ́gùn náà á sì tú èémí wa ká tí kò fi ní mọ ibi tó ti ń bọ̀. Mo ní fáànù kékeré kan tí mo máa ń gba iná sí lójú ọjọ́. Ilẹ̀ ni mò ń gbé e sí, mo á kọ ojú rẹ̀ sí abẹ́ tábìlì níbi tí ẹsẹ̀ wà. Àwọn oníbàárà a máa bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ sí ojú wọn nítorí ooru, mo á ṣàlàyé fún wọn pé ẹsẹ̀ ló nílò rẹ̀ jù. Aṣọ náà ń ran ni lọ́wọ́: àwọ̀ dúdú máa ń fa ẹ̀fọn, aṣọ tó sì lẹ̀ mọ́ ara típẹ́típẹ́ kò dí i lọ́wọ́, yóò gún un kọjá ni. Ìró fífẹ̀ tó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, ni mò ń wọ̀ lọ sídìí ìkòkò.

Èéfín ni mo wá mọ̀ jù. Nígbà tí à ń dàgbà, àwọn ìyá wa máa ń da ògùṣọ̀, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún epo, sórí iná lójúde, wọ́n á jẹ́ kó máa rú èéfín díẹ̀díẹ̀ kí àwa ọmọdé lè ráyè jókòó gbọ́ àlọ́. Èyí tí èmi ń lò báyìí ni èèpo ọsàn. Àwọn alọ́sàn tó ń fi abẹ bó ọsàn létí títì máa ń ní èèpo pelemọ, wọn ò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Bí mo bá ti na àpò sí wọn, wọ́n á kún un fún mi. Mo máa ń sá a sínú oòrùn títí yóò fi máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí kò bá gbẹ dáadáa, ojú lásán ni èéfín rẹ̀ ń ta. Òróró kan wà nínú èèpo ọsàn, òun náà ló máa ń ta sí ojú ènìyàn bí a bá fún èèpo náà pọ̀. Òróró yẹn ni ẹ̀fọn kò fẹ́.

Bí mo bá ti dáná tán, mo máa ń kó ẹyinná díẹ̀ sínú àpáàdì, mo á wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ibẹ̀ ni mo á gbé e sí, kí èéfín lè máa gba ìsàlẹ̀ tábìlì kọjá. Ẹni tó bá gbé e sí ọ̀nà ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ń fín igbó ni. Lẹ́yìn náà ni mo á bu èèpo ọsàn lé e díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbiná. Èéfín là ń wá. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń rú, ìyàtọ̀ wà, àwọn oníbàárà gan-an ń jẹ́rìí sí i. Bó bá ti kú, kò ní pẹ́ tí ẹ̀fọn yóò fi padà dé. Kí ẹnikẹ́ni má fín ilé nírọ̀lẹ́ kó wá rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn di òwúrọ̀.

Ní Sábó wa níbí, níbi tí àwọn Hausa tó ń ra obì ti ń gbé láti ayé àwọn bàbá wa, igi dóńgóyárò kò wọ́n. Bàbá kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi, Málàmù ni gbogbo wa ń pè é, ló rí mi níbi tí mo ti ń da èèpo ọsàn síná. Ó ní, "Màmá, ẹ fi ewé dóńgóyárò gbígbẹ kún un, kó lè pẹ́ nínú iná." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rí bó ṣe wí. Èèpo ọsàn nìkan máa ń yára jó, ṣùgbọ́n bí a bá po ewé yẹn mọ́ ọn, yóò máa jó jẹ́jẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pò wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, òróró tí wọ́n ń fún nínú kóró dóńgóyárò kì í ṣe ohun tí à ń fún ọmọdé mu, ì báà jẹ́ ṣíbí kékeré kan. Ó ti ṣe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jàǹbá rí ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fún wọn mu ún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi etí sí i. Ìta gbangba ni èéfín mọ. Ẹ má ṣe gbé ẹyinná tàbí èédú wọ yàrá tí ẹ fẹ́ sùn sí, bó ti wù kí ewé orí rẹ̀ dára tó. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ títí yóò fi gba ẹ̀mí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a ń gbọ́ pé ó pa bàbá, ìyá àtọmọ lóru. Kọ́ìlì ẹ̀fọn tí à ń rà lọ́jà náà, ẹ má tàn án sí yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ń wọlé. Àyà tó ń fa èéfín símú lálaalẹ́ kò ní yé wú ikọ́. Obìnrin kan wà tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi, tí èémí rẹ̀ máa ń há. Bí mo bá ti rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, mo á gbé àpáàdì mi jìnnà, fáànù ni mo á kọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nípa efinrin, ọ̀pọ̀ ń sọ pé bí a bá ti gbìn ín yí ilé ká, ẹ̀fọn kò ní wọlé. Mo ní i nínú àwọn báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búkà mi, torí ọbẹ̀ ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣe gbìn ín, mo sì ti rí ẹ̀fọn tó bà lé ewé efinrin, tó ń sinmi lórí rẹ̀. Ewé tó dúró jẹ́ẹ́ lórí igi, ara rẹ̀ ni òórùn rẹ̀ wà. Àfi kí a rún un kí òórùn yẹn tó jáde. Bí a bá rún un tí a fi pa apá àti ẹsẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Bí mo bá rí ọmọ oníbàárà tó ń họ ara, efinrin ni mo máa ń já lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Èyí tó pẹ́ jù ú lọ ni òróró tí mò ń sè. Kóoko ọba, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì, wà ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ìbátan koríko tí wọ́n ti ń fún òróró sitironẹ́là, òróró tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn, ni. Mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, mo á fi kún efinrin tí mo ti sá sí ibòòji kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, torí bí omi bá bọ́ sínú òróró, yóò bu. Òróró àgbọn ni mò ń rẹ ẹ́ sí. Mi ò ní gbé e lé iná tààrà. Inú ìkòkò omi gbígbóná ni mo máa ń gbé abọ́ rẹ̀ sí, lórí iná jẹ́jẹ́, títí òróró náà yóò fi mú òórùn ewé. Lẹ́yìn náà ni mo á sẹ́ ẹ sínú ìgò. Àwọn kan ń lo àdí dípò òróró àgbọn, ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ilé kan wà tí àdí kì í wọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ìpara mi ba èèwọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìpara yìí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í pẹ́ lára. Kò tó wákàtí méjì tí òórùn rẹ̀ fi máa ń lọ, ti ẹni tó sì ń làágùn tún yá ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí apá inú ọwọ́, kó di ọjọ́ kejì kí ẹ wò ó bóyá ara yóò yún yín. Ẹ má fi sí ojú. Ẹ má fi sí ọwọ́ ọmọdé, torí ẹnu ni ọmọdé ń ki ọwọ́ bọ̀. Ìkókó kò nílò ìpara kankan. Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi bò ó. Èyí tí wọ́n ń ṣe látara igi eucalyptus olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́, tí wọ́n rọ sínú ìgò tí wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé fún ẹ̀fọn ni, ń pẹ́ lára ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n àwọn elétò ìlera ní kí a má fi sára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3.

Ọsàn wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí omi rẹ̀ bá wà lára tí oòrùn sì pa á, awọ ara lè lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé, àpá dúdú á sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń fi pa ẹsẹ̀ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Awọ ló ń bó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kun kẹrosíìnì kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ fi àkókò ṣòfò lé lórí. Jíjẹ áyù kò ní kí ẹ̀fọn kọ ẹ̀jẹ̀ wa. Agbo kíkorò kò ní kí ẹ̀jẹ̀ wa korò lẹ́nu rẹ̀. Ohùn tí wọ́n ní fóònù lè máa dún láti lé ẹ̀fọn, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kò lé nǹkan kan. Káfúrà ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí mo rí i pé àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ń so ó mọ́ igun nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún ń jù ú sáàárín aṣọ ìkókó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà tí ìṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba òórùn káfúrà yẹn. Á fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú wọn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì lè dé ọpọlọ. Láti ìrísí ọmọ, a ò lè mọ èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ èyí fún mi nídìí oúnjẹ, láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè rí káfúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun kí n dákẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sọ fún mi pé ayé ewé ti kọjá. N kò gbà fún wọn. Òògùn tó wà lára nẹ́ẹ̀tì tí à ń sùn sábẹ́ rẹ̀, òdòdó ló ti ṣẹ̀ wá. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń gbìn púpọ̀ ní Kẹ́ńyà, pyrethrum ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá sá a tí wọ́n lọ̀ ọ́, ó ń pa kòkòrò. Àwọn onímọ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ṣe irú rẹ̀ tí oòrùn kò ní tètè bà jẹ́, òun ni wọ́n fi sára nẹ́ẹ̀tì. Òògùn ibà tí dókítà ń kọ fún wa lónìí náà, ara ewé kan ní Ṣáínà ni ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Tu Youyou ti yọ ọ́ jáde ní nǹkan bí ọdún 1972, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Wọ́n yẹ ewé náà wò, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ ìwọ̀n tó ń woni àti ìwọ̀n tó ń pani. Mo bọ̀wọ̀ fún ewé, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí á máa purọ́ mọ́ ọn.

Nípa nẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá gba tuntun, ẹ ta á sí ibòòji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì sá a sínú oòrùn. Ẹ ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ tìmùtìmù. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà, òru ló ń jẹni jù, títí di ìdájí, nígbà tí gbogbo èéfín ìrọ̀lẹ́ ti kú tipẹ́. Nínú gbogbo ẹni tí ibà ń mú lágbàáyé, ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ ará Nàìjíríà. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló ń mú balẹ̀ jù.

Ẹ̀fọn mìíràn tún wà tí ń jẹni lójúmọmọ, ní òwúrọ̀ àti kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dúdú, funfun tó-tò-tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì kò lè gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn, torí kò sí ẹni tó ń sùn nígbà náà. Òun ló ń fa ibà pọ́njú-pọ́njú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ibà yẹn láti ìgbà tí a bá ti gbà á dọjọ́ ikú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà á. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yìí ló mú mi dé ìdí omi.

Dókítà Ronald Ross ló rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà ní ọdún 1897. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ rò pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń ti inú àbàtà jáde ló ń fa ibà. Kò ṣe àjèjì pé wọ́n darí ojú sí àbàtà, torí inú omi lóòótọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọn á yé ẹyin sómi, ẹyin á di tanwíjí tí ń yí gbirigbiri nínú omi, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti hu ìyẹ́, ó ti ń fò. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń tún àyíká ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti jẹ́ kí ìran ẹ̀fọn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fò jáde kó tó gbé ìgbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Àárọ̀ Sátidé ni mo fi ṣe tèmi, kí n tó lọ sọ́jà.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé gọ́tà tó ń rùn ni ibà ti ń wá. Ẹ̀fọn ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, òun ló sì ń kùn yùnmùyùnmù sí wa létí, ṣùgbọ́n irú ẹ̀fọn tó fẹ́ràn omi ìdọ̀tí kọ́ ló ń gbé ibà kiri lọ́dọ̀ wa. Èyí tó ń gbé ibà fẹ́ omi tó mọ́ gaara, tí oòrùn ń tàn sí: omi òjò tó dúró sójú ipa táyà ọkọ̀ akẹ́rù lójú títì wa tí kò lọ́dà, kòtò tí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù gbẹ́, ojú ẹsẹ̀ màlúù lẹ́bàá odò. Inú omi tí ènìyàn lè wò kó ní ó dára ni ó wà. Èyí ló yí ọwọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ padà. Kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, gọ́tà ni à ń kó. Ní báyìí, mo ń di kòtò. Iyanrìn ọkọ́ mélòó kan tó láti di kòtò tó ń bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀fọn.

Ti ẹ̀fọn ẹlẹ́sẹ̀ funfun yẹn yàtọ̀. Inú nǹkan tó gba omi díẹ̀ ni tirẹ̀: agolo mílíìkì, èèpo àgbọn, ìkarahun ìgbín, orí igi ọparun tí a gé, abọ́ tí adìyẹ ń mumi. Ìdí ewé kókò àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí ewé ti so mọ́ ara igi, máa ń gba omi òjò, ó ń yé síbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fi ń din dòdò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó má wà lábẹ́ fèrèsé yàrá. Dírọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọn omi sílẹ̀, ẹ dé wọn. Ẹ má sì dá omi inú wọn nù lásán kí ẹ pọn tuntun sí i. Ara dírọ́ọ̀mù, lókè omi díẹ̀, ni ẹ̀fọn yẹn ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ẹyin yẹn lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó má kú; ọjọ́ tí omi bá kàn án ni yóò pa. Kànìnkànìn líle ni kí ẹ fi ha á.

Òróró tó bá kù nídìí agbada tí mi ò lè fi dín nǹkan mọ́, mo máa ń ta díẹ̀ sójú omi tó dúró sínú sọ́kàwé tí kò ṣe é dí. Orí omi ni tanwíjí ń wá mí. Bí òróró bá bo ojú omi, kò ní rí ibi mí. Mi ò jẹ́ dà á sí kànga tàbí odò o, torí ẹja àti ènìyàn ló ń lo ìyẹn.

Táyà ló fún mi níṣẹ́ jù. Àwọn tó ń lẹ táyà wà ní òdìkejì títì sí búkà mi, òkìtì táyà àtijọ́ sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn. Omi tó bá wọ inú táyà, bí ènìyàn ṣe lè gbọ̀n ọ́n tó, díẹ̀ á kù sínú rẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá wọn, mo fi tanwíjí tó wà nínú táyà hàn án, mo bu ú sínú ife funfun kó lè rí i dáadáa. Ó ní, "Ìyá mi, mo rò pé kòkòrò omi lásán ni." Èmi náà kò bá a jà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lu ihò sí ìsàlẹ̀ àwọn tó fẹ́ fi ṣe ìjókòó àtèyí tó fẹ́ fi pààlà, kó sì ta tapólì bo ìyókù. Ó ṣe é. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń lu ihò náà báyìí láìjẹ́ pé mo tún sọ. Ẹ̀fọn ìrọ̀lẹ́ dín kù ní ọ̀dọ̀ wa ju bí gbogbo èéfín mi ti lè dín in kù lọ.

Kòtò àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lókè ọ̀hún ló kù. Wọ́n ní omi tí wọ́n fi ń po iyanrìn ni, wọn ò lè dí i. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ pátápátá lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó pọn omíràn sí i. Ọjọ́ Àìkú ni mo dábàá, torí wọn kì í ṣiṣẹ́. Fọ́mánì wọn ní òun ti gbọ́, yóò bá ọ̀gá sọ ọ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ tún lọ wò ó.